Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Tí Mo Fọ̀ Tí N Kò Wọ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni mo fọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn, n kò sì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kà á ni. Òjòwú a máa ka nǹkan. Àwọn àgbà máa ń sọ pé òjòwú kì í lẹ́ran láyà, mo sì rántí pé mo wo àyà ara mi nínú dígí nígbà ìsinmi náà, mo rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, egungun ló pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà.

Ìyá tó bí bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ilé alágbàlá kan tó fẹ̀yìn ti mọ́ṣáláṣí. Alájà ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ó ti lọ sí Mẹ́kà kí n tó mọ ìrìn. Abọ́ tánganran ló ń tà. Bàbá mi ń gbé ní Èkó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ kejì, ìyẹn sì bí ọmọbìnrin kan fún un, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí wọ́n bí mi. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò mọ ìdí tí ìyá tèmi fi kó ẹrù rẹ̀ jáde, tó lọ fẹ́ ẹlòmíràn sí Ayépé. Kò lè mú mi dání. Bàbá mi náà kò mú mi dání. Bí mo ṣe di ọmọ Alájà nìyẹn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, títí di ọdún tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́.

Ẹ mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe rí. Ìjẹ̀bú tó bá wà lẹ́yìn odi, bó lówó bí kò lówó, tí kò bá tíì kọ́lé sílé, kì í lè lanu sọ̀rọ̀ níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba padà ní àkókò náà, nǹkan le, bàbá mi sì sọ pé bí òun kò bá dúró ti àwọn bíríkìlà fúnra òun, wọn yóò fi simẹ́ǹtì òun kọ́ ilé tiwọn. Ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, ó wá sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo ti ń ka ọjọ́ kó tó dé. Mo ti fọ yàrá tí yóò sùn. Mo ti ṣètò ohun tí n ó sọ fún un, pé èmi ni mo ṣe ipò kejì ní kíláàsì wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pijó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kékeré kan ló kọ́kọ́ jáde láti iwájú ọkọ̀, ó wọ bàtà funfun àti ìbọ̀sẹ̀ tó ní léèsì létí. Ó mú ọmọ rẹ̀ dání.

Ọmọ rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi nìyẹn, bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíràn ni èmi.

N kò ní parọ́ mọ́ àbúrò mi yìí. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ì bá sàn fún mi bó bá jẹ́ ọmọ burúkú. Ó mú bísíkíìtì bọ̀ fún mi láti Èkó, ó ní kí n wá máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe tó bí mi nínú ni pé ó ń pe orúkọ mọ́ mi lórí, èmi tí mo fi oṣù mẹ́ta ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí mo fẹjọ́ rẹ̀ sun Alájà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta! Iyọ̀ wo lo ti jẹ láàárín oṣù mẹ́ta? Fi í lẹ̀, ọmọ Èkó ni."

Ní ọjọ́ kejì ni mo kọ́kọ́ fojú kan aṣọ náà. Òtẹ́ẹ̀lì kan wà nígbà náà tí wọ́n gbẹ́ odò kékeré kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi simẹ́ǹtì àti táìlì búlúù tẹ́ inú rẹ̀, àwọn tó rí já jẹ sì máa ń mú ọmọ wọn lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àwa yòókù kàn ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ni. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bàbá mi nu ọwọ́, ó ní kí àbúrò mi lọ mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sáré wọlé, ó sì mú un jáde: nǹkan kékeré báyìí, búlúù tó dúdú díẹ̀, ó ní ìlà yẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó ń dán, bí èèyàn bá fà á, á nà bíi rọ́bà.

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? O ní irú ẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Wọn kì í jẹ́ kéèyàn wọnú omi yẹn láìwọ̀ ọ́," ó ní. "Kò burú. Wàá ran Màmá lọ́wọ́ nílé."

Kò burú! Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí eruku mọ́tò fi balẹ̀. Kò bi mí bóyá mo fẹ́ wá jókòó létí omi kí n máa wò wọ́n. Kò bi mí bóyá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ṣeé wá fún èmi náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mo ń fẹ́ nínú ìsinmi náà, kò sì pọ̀: kí bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Pijó yẹn fún mi, kó ní kí n wọlé, kó mú èmi náà lọ síbi omi náà lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí ìyẹn ni.

Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́. Ojú àbúrò mi pọ́n nítorí oògùn tí wọ́n ń dà sómi náà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ ẹ̀rín. Ó gbé aṣọ tútù náà lé orí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàǹga, ó ń wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò fi fọ̀ ọ́. Mo rí i. Alájà ló pariwo mọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìwọ dúró síbẹ̀ ò ń wò ó? Ṣé àlejò máa ń fọṣọ nílé wa ni?"

"Alájà, àbúrò mi ni."

"Àbúrò rẹ tó ti Èkó wá, kì í ṣe àlejò? Fọ̀ ọ́ fún un, jàre. Ọjọ́ mélòó ló fẹ́ lò?"

Ẹ̀gbọ́n ń fọ aṣọ àbúrò. Ẹ bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Nínú gbogbo ilé tí mo mọ̀ ládùúgbò wa, àbúrò ló ń fọ ti ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan ló fi jù ú lọ. Mo fa omi, mo rẹ aṣọ náà, mo fi ọṣẹ pa á. Òórùn tí n kò mọ̀ rí ń jáde lára rẹ̀, ó ń ta sí imú bí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Mo sọ lọ́kàn mi pé òórùn ibi tí bàbá mi wà láti aago mẹ́ta títí di aago mẹ́fà nìyí. Mo wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni ń wò mí, mo sì gbé e sí imú lẹ́ẹ̀kejì.

Àbúrò mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ròyìn. Dádì gbé òun sẹ́yìn, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀. Dádì ju kọ́bọ̀ sísàlẹ̀ omi kí òun lọ ṣà á. Dádì rì sómi títí òun fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó sì yọrí jáde lẹ́yìn òun, ó dẹ́rù ba òun. Mo ń fún aṣọ náà, mo ń fún un. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá mi mọ eré ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, ó máa ń jókòó ni, àwa a sì máa kí i.

Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo sá a sórí okùn lágbàlá láàárín àwọn aṣọ yòókù. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn Alájà: "Ta ló sá pátá síta gbangba báyìí?"

Ẹ̀yìn ilé wa ni àwọn ọkùnrin ń gbà kọjá lọ ṣe àlùwàlá. Òfin ilé náà ni pé ojú ọkùnrin kò gbọdọ̀ kan aṣọ abẹ́ obìnrin níbi tí wọ́n sá a sí.

"Kì í ṣe pátá, Alájà. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni."

"Ó ní apá?"

"Kò ní, mà."

"Ó dé orúnkún?"

"Kò dé ibì kankan, mà."

"Pátá ni. Pátá tó ní èjìká ni. Ká a kúrò níbẹ̀ kí lèmọ́mù tó dé."

Pátá eléjìká ni a ń pè é láti ọjọ́ náà. Inú yàrá ẹ̀yìn ni Alájà ní kí n máa fi kọ́, lórí ìṣó tó wà lókè ìkòkò omi, kí n sì fi ìró àlòkù bò ó. Ẹ sì mọ bí oṣù Ògọ́ọ̀sì ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa: oòrùn á yọjú fún wákàtí kan, á tún sá wọlé, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ á sì máa sẹ̀. Nínú yàrá yẹn, lókè omi tútù, lábẹ́ ìró, aṣọ náà kò lè gbẹ. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù, àbúrò mi á mú un, á fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ní, "Ó ṣì tutù," á sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, á máa gbọ̀n.

Inú mi máa ń dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo máa ń fún aṣọ náà ní àbọ̀ ìfún kí omi lè kù sí i lára. Dípò kí n tẹ́ ẹ, mo máa ń ká a pọ̀ lórí ìṣó. Ọjọ́ kan wà tí mo gbé e lé àyà lórí bùbá mi níwájú dígí, mo na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sómi. Lẹ́yìn náà ojú tì mí, inú bí mi, mo tún rì í bọ omi kí n tó fi í kọ́. Bí wọ́n bá sì ń jáde lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, mo máa ń kúrò lójú fèrèsé kí wọ́n má bàa rò pé mò ń wò wọ́n. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti máa ń wò wọ́n.

Mo gbìyànjú o. Ẹ má rò pé mo kàn káwọ́ gbera. Mo sọ fún bàbá mi nípa ipò kejì tí mo ṣe, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó ń dúró de àwọn bíríkìlà. Ó ní, "Ẹni tó ṣe ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?" Ó bu omi mu, ó sì jáde. Ọmọ tó ṣe ipò kẹtàdínlógún ní Èkó, òun ló ń gbé pọ̀n lórí omi.

Mo tún gba ọ̀nà mìíràn. Mo kó àjákù àǹkárá Alájà, mo gbé e lọ bá obìnrin aránṣọ tó wà ní ìsọ̀ òdìkejì, mo ní kó bá mi rán aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ó bi mí bó ṣe rí. Mo fi ọwọ́ yà á sí ara mi fún un. Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn náà wò ó, ìsọ̀ náà sì hó gèè.

"Aṣọ tí kò lápá, tí kò nítan, tí kò lẹ́yìn," ó ní. "Kí lo wá fẹ́ kí n rán níbẹ̀? Òwú?"

Kí n tó délé, ó ti sọ fún Alájà. Alájà kò nà mí. Ó kàn gba àjákù náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Omi kún inú kàǹga. Èwo lo fẹ́ wẹ̀ tí kò sí níbẹ̀?" N kò lè sọ fún un pé omi kọ́ ni mo ń wá.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, aṣọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Òórùn oògùn ti pòórá lára rẹ̀, òórùn ẹ̀gbin aṣọ tí kò rí oòrùn ló kù. Àbúrò mi sọ fún bàbá mi, bàbá mi sì bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sá aṣọ yẹn sóòrùn. Ó ti ń rùn."

Alájà kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yìí ṣeré. Ó gbà. Ṣùgbọ́n ó ṣòfin méjì lé e: kí n fi ìró bò ó lórí okùn, kí n sì so etí ìró náà kí afẹ́fẹ́ má bàa tú àṣírí ilé, èkejì ni pé níwọ̀n ìgbà tó ti di aṣọ orí okùn, a gbọdọ̀ máa lọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa mọ ìdí rẹ̀. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé sára aṣọ tútù tí a bá sá síta. Bí èèyàn bá wọ̀ ọ́ láìlọ̀ ọ́, ẹyin náà á pa sí abẹ́ awọ, á di eéwo, ìdin á sì máa jẹ̀ nínú eéwo náà. Mo ti ní i lẹ́yìn rí. Epo pupa ni Alájà fi dí ojú rẹ̀ kó tó tẹ ìdin náà jáde, igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà dé mọ́ṣáláṣí. Nítorí náà, kò sí aṣọ kankan tó ti orí okùn bọ̀ tó lè kan ara ẹnikẹ́ni nílé wa láìjẹ́ pé irin gbígbóná kọjá lórí rẹ̀, ì báà ṣe pátá, ì báà ṣe ìnura. Áyọ́ọ̀nù eléèédú la ní, èmi sì ni mo ń lò ó.

Sátidé tó kẹ́yìn ìsinmi náà dé. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n ń padà sí Èkó. Mo ti fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kẹrìnlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, oòrùn sì ràn dáadáa láàárọ̀ tí mo sá a, ìgbà àkọ́kọ́ tí òjò jẹ́ kó dé orí okùn láti ìgbà òfin náà nìyẹn. Nígbà tó gbẹ, mo ká a wọlé, mo da èédú sínú áyọ́ọ̀nù, mo ń fẹ́ ẹ. Ni Alájà bá jáde sí mi, ó ní kí n gbé tábìlì wá, òun fúnra òun ni òun ó lọ̀ ọ́.

"Ọ̀la ni ọmọ yìí ń lọ," ó ní. "Mi ò tíì ṣe nǹkan kan fún un."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Àbúrò mi kò gbọ́ Ìjẹ̀bú tí Alájà ń sọ, àbọ̀ Yorùbá àti àbọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì ti ń rẹ́rìn-ín síra wọn láìrí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ. Aṣọ lílọ̀ ni Alájà fi ń fẹ́ràn èèyàn. Ìró tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, èèyàn lè fi etí rẹ̀ gé iṣu. Àmọ́ òwú ni gbogbo aṣọ tó ń lọ̀ láyé rẹ̀, àǹkárá àti gínnì àti àdìrẹ, àwọn tó jẹ́ pé irin gbọdọ̀ gbóná gan-an kí wọ́n tó gbọ́ràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: èmi mọ̀. Nígbà Iléyá tó ṣáájú, ìyá mi fi síkáàfù kan ránṣẹ́ sí mi láti Ayépé, ó ń dán, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Alájà wà ní ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé síkáàfù náà, ó sì yọ́ mọ́ ìdí irin bíi ṣúgà tó jóná. Mo fi ọ̀bẹ ha irin náà, mo fi àbẹ́là pa á títí ó fi dán, mo wa ilẹ̀ mo sì ri síkáàfù náà mọ́ ibẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nínú ilé yẹn, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí irin gbígbóná ń ṣe sí aṣọ tó bá ń dán tó sì ń yọ̀.

Mo ń fẹ́ iná náà lọ. Mo wo aṣọ náà lórí tábìlì, mo wo ìlà yẹ́lò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi: Alájà, yóò yọ́ o. Mo gbé e mì. Ó tún dé. Mo ń gbọ́ ohùn àbúrò mi láti inú ilé, ó ń kọrin, ó ń di báàgì tó máa ń gbé lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí kò bá sí aṣọ, kò sí omi. Bàbá mi yóò jókòó sílé fún ọjọ́ kan ṣoṣo, òun àti ọmọ rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe ń jókòó. Owú ló ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ń dá a lóhùn.

Alájà fi ìka tọ́ itọ́, ó fi kan ìdí irin náà. Etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ nígbà náà, kò lè gbọ́ bó ṣe ń ṣe ṣàà. Ó bi mí, "Ó gbóná tó?"

"Ó gbóná dáadáa, mà."

Ẹnìkan lè sọ pé ọmọdé ni mí. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àbẹ́là bo àṣírí ara rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé.

Ó gbé irin lé àárín ikùn aṣọ náà gan-an, ó sì tẹ̀ ẹ́. Èéfín kọ́kọ́ rú, lẹ́yìn náà òórùn burúkú.

"Ìnná lílàhí!" Alájà fa irin sókè, aṣọ náà bá a gòkè, ó nà, ó nà, ó já. Ihò tó kù sínú rẹ̀ rí bí ìdí áyọ́ọ̀nù géérégé.

Àbúrò mi sáré jáde. Kò pariwo mọ́ Alájà. Ó gba aṣọ náà, ó ti ọwọ́ bọ ihò rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ ní òdìkejì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bí bàbá mi ṣe ti ibi ilé tó ń kọ́ dé bá wa nìyẹn, simẹ́ǹtì wà ní ọwọ́ àti ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Kó tó béèrè ohunkóhun, Alájà ti ń bẹ̀ ẹ́.

"Èmi ni o. Ogbó ti dé sí mi lọ́wọ́. Bá mi bẹ ọmọ rẹ."

N kò tíì gbọ́ kí Alájà bẹ ẹnikẹ́ni rí, àfi Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, kò tilẹ̀ bínú. "Ìwọ tó ń lọ aṣọ lójoojúmọ́, o ò mọ̀ pé ó máa ṣe báyìí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Ó mi orí. Ó gbà mí gbọ́. "Ta ni ì bá mọ̀?" ó ní, ó sì ń fi ọwọ́ òsì tu ọ̀rá aṣọ kúrò lára irin tó ṣì ń gbóná.

Bàbá mi gbé aṣọ náà sókè, ó wò mí láti inú ihò náà. "Ó mà ṣe o," ó ní. "Lónìí tó jẹ́ pé mo fẹ́ mú ìwọ náà lọ."

Kò yé mi. Ó ṣàlàyé rẹ̀. Àbúrò mi ló ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́ta, pé kí àwa méjèèjì máa pààrọ̀ aṣọ náà, kí òun wọnú omi díẹ̀, kí òun jáde, kí òun bọ́ ọ fún èmi náà kí n wọ̀ ọ́. Bàbá mi ti bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ omi náà sọ ọ́ lánàá, ìyẹn sì ti gbà. Wọn kò fẹ́ kí n mọ̀ títí a ó fi dé ibẹ̀.

Ó dùn mí pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ba tèmi jẹ́, ìyẹn kò ṣòro láti mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìrora yẹn náà, owú ráyè jókòó. Ó dùn mí pé àbúrò mi ló ro ire náà rò mí. Ó wá dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé kì í ṣe bàbá mi ló rò ó, pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

"Ẹ jẹ́ ká lọ náà," bàbá mi wí. "A ó jókòó létí omi, a ó mu míńírà. Ẹ ò lè máa sunkún títí di ọ̀la." Ó kó wa jáde. Àbúrò mi wọ iwájú, ó ṣì ń sunkún. Bàbá mi yí wá sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó ní, "Wọlé."

Omi náà búlúù ju bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi lọ. Àwọn ọmọ kan ń bẹ́ sínú rẹ̀ láti orí pákó, ìyá wọn ń pariwo mọ́ wọn lábẹ́ agbòòrùn. Bàbá mi fa àga mẹ́ta síbi kan, ó ra míńírà fún wa, tèmi ní àwọ̀ ọsàn. Àbúrò mi gbìyànjú láti dákẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ọmọbìnrin kan tó bẹ́ sómi, ẹkún tún gbé e. Ni bàbá mi bá gbé e lé itan, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn débi pé ó ń wọ́lẹ̀. Ó ń fi áńkáṣíìfù nù ún lójú. Ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyẹ̀fun simẹ́ǹtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún un ní ìlà funfun kan lẹ́rẹ̀kẹ́, kò sì tètè nù ún kúrò.

Mo ti dé ibi tí mo ń fẹ́ dé. Omi wà níwájú mi, bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí mo bá na ọwọ́, ọwọ́ mi á kàn án. N kò wo omi náà mọ́. Orí itan yẹn ni mo ń wò. Kò sí aṣọ tí n ó jowú mọ́, ẹkún rẹ̀ ni mo wá ń jowú. Mo gbìyànjú láti sunkún tèmi. Mo mọ̀ pé bí omi bá jáde lójú mi, bàbá mi á yíjú sí mi, ó lè ní kí èmi náà máa bọ̀, itan rẹ̀ sáà jẹ́ méjì. Omijé ti dé ojú mi tán. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi ọmọ tó bá ń sunkún ni pé kí ló ṣe é, n kò sì lè sọ ọ́ kí n má mẹ́nu kan irin náà. Mo gbé ìgò míńírà sẹ́nu, mo sì mu ún tán.